Ibi Tí Ìyàwó Otia Yóò Máa Sùn

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó ní kí n wó ilé onípákó àtijọ́ kí n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ń ya pùláànù àtúnṣe fún irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri àwọn abúlé tó yí ìlú Kutaisi ká. Mo ti fi balùwẹ̀ kún wọn, mo ti fi yàrá kún wọn, mo ti ṣí odindi òrùlé kan bí ẹni ṣí fìlà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo jẹ́ kí wọ́n wó níṣojú mi. Marekhi ni orúkọ mi. Àwọn káfíńtà ń pè mí ní Ìyá Oníjà bí mo bá ti kẹ̀yìn sí wọn. Mo mọ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ni.

Nígbà tí Ushangi wá pè mí láti abúlé Zeda Gora lóṣù kẹrin ọdún pé òun fẹ́ fi yàrá kún ilé bàbá òun, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí lẹ fẹ́ wó?"

"A ò fẹ́ wó nǹkan kan, àǹtí mi," ló dáhùn. "Ìyá mi ni. Ilé wọn ti ga ju ẹsẹ̀ wọn lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì lọ. Ilé náà rẹwà débi pé mo dúró lẹ́nu géètì, mo gbàgbé láti kí èèyàn. Pákó ni látòkè délẹ̀, ó dúró lórí òpó òkúta. Bákónì gígùn wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí gbogbo igi rẹ̀ lára, àtẹ̀gùn ìgbésẹ̀ mọ́kànlá sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ sínú àgbàlá. Àtẹ̀gùn yẹn gan-an ni ọ̀tá. Orí rẹ̀ ni Màmá Despine, ìyá Ushangi, ti ṣubú lọ́dún méjì sẹ́yìn tí egungun ìbàdí wọn fi ṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Láti ìgbà náà, ilé ìdáná tó dá dúró nínú àgbàlá ni wọ́n ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tí wọ́n ń gbójú sókè wo ilé ara wọn bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ìwọ ni wọ́n ní kó wá gbé mi gòkè?" Màmá bi mí.

"Èmi ni, Ìyá."

Wọ́n wò mí látorí délẹ̀. "O ti tín-ín-rín jù. Ìdí yìí nìkan, ọkùnrin méjì ló ń gbé e."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn wọn lójú ẹsẹ̀, n ò ní purọ́.

Ushangi ní tiẹ̀ ga bí ilẹ̀kùn, ó sì jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, oyin ló ń sìn, kò sì tíì fẹ́yàwó. Ìyá rẹ̀ ní ó ń dúró de oyin tó bá mọ ẹ̀wà sè. Ohun tó fẹ́ kò ṣòro láti yé èèyàn: kí ìyá rẹ̀ padà sínú ilé wọn kí òtútù tó dé, kí wọ́n ní balùwẹ̀ tí wọn ò ní máa gba inú yìnyín lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí Mzevinar tó dé.

Mzevinar ni ìyàwó Otia. Otia ni ẹ̀gbọ́n Ushangi, àkọ́bí Màmá Despine. Ó ti kú, mọ́tò ló gbá a. Mzevinar kò bímọ fún un. Ó lè padà sílé bàbá rẹ̀ nígbà náà, kò padà. Ìlú Bari ní Ítálì ló lọ, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn, ohun tó ń rí níbẹ̀ ló sì ń gbé ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ró láti ọdún mẹ́rìnlá. Àtúnṣe tí wọ́n pè mí sí yìí gan-an, owó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Lóṣù kẹwàá, ó ń bọ̀ wálé pátápátá.

Ushangi pè é lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ó sì gbé fóònù fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè láti yàrá kejì. "Ohun tí Ìyá bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe. Tèmi ò le rárá. Ẹ ṣáà bá mi fi ibùsùn kékeré kan síbi tí mà á ti gbọ́ wọn bí wọ́n bá wúkọ́."

Ká sọ tòótọ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní irú ìyàwó báyìí ti tán láyé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ilé ká. Níwájú, ilé ga. Ṣùgbọ́n òkè ni ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ ń gòkè níbẹ̀ títí ó fi bá pákó ilẹ̀ ilé dọ́gba, ọ̀nà kékeré kan sì kọjá lókè ibẹ̀ tí mọ́tò lè gbà. Mo pariwo, "Háà!" débi pé àwọn adìyẹ sá. Ẹ̀yìn la máa gbà! Yàrá méjì àti balùwẹ̀ kan lẹ́yìn ilé, ilẹ̀kùn tó kọjú sí ọ̀nà òkè, láìsí àtẹ̀gùn, láìsí gegele. Màmá á fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn wọlé bí ẹni ń gbafẹ́ lọ, wọ́n á gba inú ilé já sí bákónì. Yàrá ńlá fún Màmá, yàrá kékeré fún Mzevinar lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn láàárín méjèèjì.

Pálọ̀ ńlá iwájú ni n kò fọwọ́ kàn. Òfin mi nìyẹn, gbogbo Kutaisi ló mọ̀ ọ́n. Pálọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ la ti ń gba ìyàwó, inú rẹ̀ la ti ń tẹ́ òkú kí ará abúlé wá wò ó, inú rẹ̀ ni tábìlì ọgbọ̀n èèyàn wà, àti dùùrù tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀, àti ife gíláàsì tí ẹnikẹ́ni ò fi mu nǹkan. Onílé lè sùn márùn-ún lórí ibùsùn kan lẹ́yìn, kó sá ti má gbé ibùsùn wọ pálọ̀. Àlejò ló ni yàrá tó dára jù. Bí a ṣe rí nìyẹn, èmi náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

N kì í fi bébà han arúgbó. Bébà ò bá wọn sọ̀rọ̀. Èèkàn ni mo máa ń kàn mọ́lẹ̀, mà á na okùn sí i lára bí ògiri ṣe máa rí gẹ́lẹ́, mà á fi àga ṣe ibùsùn, èmi àti onílé á sì jókòó sínú yàrá olókùn yẹn ká jẹun. Ẹni tó bá ti jẹun nínú yàrá, á mọ̀ bóyá yàrá gba òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ushangi fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ gba ọ̀nà òkè wá. Ẹ̀wà, búrẹ́dì àgbàdo àti wàràkàṣì wà nílẹ̀. Màmá fi ọ̀pá wọn rìn kọjá láàárín èèkàn méjì tí mo pè ní ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó, wọ́n sì rí i pé àwọn wà lẹ́yìn ilé àwọn, lórí ilẹ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ pa pákó ògiri. Ọdún méjì ni ọwọ́ wọn kò ti kàn án.

"Marekhi," wọ́n ní, "orí rẹ pé."

Inú mi dùn, mo bu wáìnì sí ife. Ìgbà náà ni Màmá wo ẹ̀gbẹ́ wọn. "Àga mẹ́ta tí ẹ tò síbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ibùsùn Mzevinar nìyẹn, Ìyá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ rèé, ó wọ ọ̀dọ̀ yín tààrà."

Ojú Màmá yí padà. Wọ́n gbé búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. "N ò fẹ́."

"Kí lẹ ò fẹ́?"

"Gbogbo rẹ̀. Ó máa ṣíji bo igi ọ̀pọ̀tọ́ mi."

Mo tu èèkàn, mo sún gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ igi ọ̀pọ̀tọ́. Nígbà tí mo padà wá, Màmá ní èéfín ilé ìdáná á máa wọlé. Mo yí fèrèsé padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ti olè ni. Oṣù karùn-ún ti ń lọ sópin, àwọn káfíńtà ń dúró dè mí, ara ń kan mí. Mo ju tépù sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ má fi mí ṣeré! Igi ọ̀pọ̀tọ́ kọ́, èéfín kọ́, olè kọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ sọ ọ́!"

"Àǹtí, ẹ rọra," Ushangi ní.

Màmá ò bínú. Wọ́n kàn wo ọmọ wọn. "Ushangi, lọ bu wáìnì wá. Inú ìkòkò ìsàlẹ̀, èyí tó jìnnà yẹn. Má sáré."

Ó lọ. Màmá fi ọwọ́ pè mí kí n jókòó, mo sì jókòó sórí koríko lẹ́sẹ̀ wọn.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Mzevinar nígbà tí Otia mú un wọlé," wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Ìyá ọkọ mi wà lórí àìsàn nígbà yẹn, wọn ò lè dìde. Mo ní kí ìyàwó tuntun tẹ́ ibùsùn tiẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn. Èmi ni mo sọ ọ́, Marekhi, ẹnu mi yìí náà ni. Mo ní ìyàwó ni, kó ṣe iṣẹ́ ìyàwó. Otia ń sùn nínú yàrá tiẹ̀, òun ń sùn lẹ́sẹ̀ arúgbó. Ọdún mẹ́sàn-án. Tójú bá sì mọ́, ẹnu mi yìí náà ló tún máa ń bi í pé kí ló dé tí kò lóyún."

Mo gbé tépù tí mo jù sílẹ̀, mo ń ká a.

"Ìyá ọkọ mi kú, rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi. Ó gbé ibùsùn rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Ọdún tí a sin ọkọ mi la sin Otia. O rò pé ó sinmi? Ó lọ sí Bari. Arúgbó mẹ́rin ló ti sin níbẹ̀, bí ọ̀kan bá kú, òmíràn á gbà á. Mo máa ń bi í lórí fóònù pé, 'Yàrá rẹ ńkọ́, ṣé ó dáa?' Èsì kan náà ni: 'Ó dáa, Ìyá, mo ń gbọ́ wọn dáadáa.' Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Marekhi! Ọmọ yẹn kò tíì sùn rí nínú yàrá tí ẹnìkan ò ti máa wúkọ́ létí rẹ̀. Ó wá ń bọ̀ nílé báyìí, o sì ti gbé ibùsùn rẹ̀ wá sẹ́sẹ̀ mi."

"Òun fúnra rẹ̀ ló ní bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe, Ìyá."

"Kí ló tún mọ̀ tó lè béèrè?"

Ojú tì mí, ó tì mí gidigidi. Yàrá kékeré onílẹ̀kùn láàárín yẹn, mo ti ya irú rẹ̀ tó ogójì. Gbogbo èèyàn ló ń yìn mí nítorí rẹ̀. Nínú ogójì yẹn, mo máa ń bi arúgbó léèrè ibi tó fẹ́ kí fèrèsé kọjú sí, n kò bi ẹnì kan rí nípa obìnrin tó máa sùn nínú yàrá kékeré.

"Níbo lẹ wá fẹ́ kí n fi í sí?" mo bi wọ́n.

"Pálọ̀."

"Pálọ̀ wo?"

"Mélòó ni mo ní? Pálọ̀ ńlá, níwájú."

Ẹ wò ó, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dùn tó wà lọ́kàn mi yẹn, mo kọ̀ jálẹ̀. "Ìyá, n kì í fọwọ́ kan pálọ̀!"

"Ta ló bi ọ́? Ṣé ilé bàbá rẹ ni?"

Ìgbà tí Ushangi gbé wáìnì dé, ìyá rẹ̀ tún un sọ fún un, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ìdí rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu débi pé wáìnì dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Pálọ̀ kẹ̀! Níbo làwọn àlejò á ti máa jókòó?"

"Sórí ìdí wọn."

"Ìyá! Bí... kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o... bí ọjọ́ yín bá pé, níbo la máa tẹ́ yín sí? Kí ni ará abúlé máa sọ?"

"Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Atẹ́gùn á máa fẹ́ sí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàyè ni kẹ́ ẹ wá ibi tí ẹ máa jókòó."

"Mzevinar fúnra rẹ̀ ló ní yàrá kékeré tó òun," Ushangi ní. Ó yíjú sí mi pé kí n gbe òun lẹ́yìn, mo wo ibòmíràn. "Ó kúrú, ó gbà á. Kò ní bínú."

"Gíga la fi ń díwọ̀n èèyàn ni?" Màmá wò ó pẹ́. "Ó dáa. Wọ inú yàrá kékeré yẹn lọ, kó o dùbúlẹ̀."

"Inú okùn?"

"Inú okùn."

Àgbàlagbà ọkùnrin yìí lọ dùbúlẹ̀ sórí koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta kọjá ògiri olókùn mi. Ó pa ojú dé. Màmá wúkọ́. Kò mira.

"Mo wúkọ́!"

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Tó o bá gbọ́, dìde. Omi."

Ó dìde, ó bu omi wá, ó padà lọ dùbúlẹ̀. Màmá jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó tún wúkọ́. Aṣọ ìbora. Ó dìde. Ìrọ̀rí ti yẹ̀. Ó dìde. Ooru ń mú wọn.

"Ṣí fèrèsé."

"Ìyá, kò sí fèrèsé níbí, okùn ni."

"Ṣí okùn."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo fi ìborùn bo ẹnu. Ó ṣí okùn. Kò pẹ́, òtútù dé, kó wá ti okùn padà. Nígbà tó tó ìgbà kẹjọ, tí Màmá ní ẹsẹ̀ òsì ń dun àwọn, rárá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, Ushangi fò dìde jókòó.

"Ìyá! Ẹ jẹ́ n fojú kan oorun, ẹ jọ̀ọ́!"

Òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ìdajì wákàtí nìyẹn," Màmá sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo jẹ̀bi, Ushangi. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Má jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀."

Ó jókòó sórí koríko, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń fa koríko tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá fi ojú dá mi dúró. Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ sínú ilé. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń dún, a gbọ́ nǹkan tó ń ró wọnjanwọnjan. Ó jáde, ó gbé àwo ńlá kan tó kún fún ife gíláàsì pálọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Níbo ni ká kó àwọn yìí sí?" ó béèrè.

"Fi wọ́n mu wáìnì," ìyá rẹ̀ ní. "Ta ló máa wá dá mi lóhùn nígbà tí mo bá wúkọ́?"

"Ta ló tún kù? Èmi náà ni. Àǹtí Marekhi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa yàrá kékeré yẹn gùn sí i. Ẹsẹ̀ mi."

Bí mo ṣe rú òfin ara mi nìyẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún. Mo fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún yàrá Ushangi. Kí a tó tú pákó ẹ̀yìn ilé, mo ní kí káfíńtà kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a sì fi wọ́n ṣe ògiri ìta yàrá tuntun, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà òkè á rò pé bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. A ta tábìlì ọgbọ̀n èèyàn fún ilé ìjọsìn. Dùùrù náà, Ushangi àti ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n tì í jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èébú tí wọ́n bú u lójú ọ̀nà kò ṣeé kọ sílẹ̀. Inú pálọ̀ wá ṣófo, mo sì rí i pé n kò tíì rí pálọ̀ yẹn dáadáa rí: fèrèsé mẹ́ta tó kọjú sí bákónì, ààrò inú ògiri tí wọ́n gbẹ́ èso àjàrà sí lára, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó dé gbogbo igun. Mo gbé ibùsùn sí ibi tí ẹni tó bá jí á ti máa wo òkè tó wà ní òdì kejì odò. Mo ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣe balùwẹ̀ kékeré ti ara rẹ̀ sí igun. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá béèrè.

"Ilẹ̀kùn rẹ̀, kó ní kọ́kọ́rọ́. Láti inú ni kó ti máa tì í."

Àwọn aládùúgbò wá ń wò, wọ́n ń mi orí. Ọ̀kan bi mí pé ṣé mo ti ya wèrè ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó kúrò níwájú iṣẹ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí Mzevinar tó dé, Màmá fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ilé láti ẹ̀yìn. Wọ́n rìn já sí bákónì, wọ́n di igi rẹ̀ mú, wọ́n sì sunkún láìfi pamọ́. Èmi náà sunkún. Ushangi ní oyin ta òun lójú ni.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Mzevinar dé, nítorí mo wí fún ara mi pé mo fẹ́ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí sí. Obìnrin kúkúrú ni, ewú ti gba iwájú orí rẹ̀, báàgì méjì péré ló kó dé láti ọdún mẹ́rìnlá. Ó dì mọ́ Màmá, wọ́n pẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tú ara wọn sílẹ̀, ó ti lọ fọ ọwọ́. Ó tẹ ibùsùn Màmá wò bóyá ó le jù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó wú, ó gbé ọ̀pá wọn sí ibi tí ọwọ́ á ti tó o. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré, ó sì bá bàtà oko Ushangi níbẹ̀.

Ó wò wá. "Níbo ni kí n gbé ẹrù mi sí?"

"Tẹ̀ lé mi," Màmá ní.

Màmá ló síwájú, ọ̀pá ń dún kò, kò, kò lórí pákó. Mzevinar na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn wọn nítorí bí wọ́n bá ṣubú. Wọ́n dé ẹnu pálọ̀, Màmá sì ṣí ilẹ̀kùn. Mzevinar bọ́ bàtà rẹ̀ síta kíákíá. Ó dúró sórí ìloro, kò wọlé. Ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ìyàwó ilé yìí, àfi kó wá nu eruku níbẹ̀, tàbí kó gbé oúnjẹ wá fún àlejò, kó sì padà.

"Ṣé àlejò ń bọ̀ ni?" ló béèrè.

"Rárá."

Ó rí ibùsùn. Ó wò ó dáadáa, ó ń wá ibùsùn kejì. Ó wo igun kan, ó wo igun kejì. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bó ṣe rí lórí fóònù lọ́jọ́sí: "Ta ni mo máa tọ́jú níbí, Ìyá?"

Mo gbọ́ ọ, n kò sì lè gbàgbé ẹ̀. Kò fi ṣẹ̀sín, kò fi bínú. Ó kàn fẹ́ mọ orúkọ ẹni náà ni.

"Kò sí ẹnì kankan," Màmá ní. "Ìwọ lo ni ín. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́ láti ọjọ́ tó o ti wọ ilé yìí, mo sì mọ̀. Wọlé lọ sinmi."

"Bí ẹ bá wúkọ́ ńkọ́?"

"Ushangi ní etí."

"Mo ní etí," Ushangi fọhùn láti ẹ̀yìn wa.

Mzevinar wọlé. Ó jókòó sí etí ibùsùn, bí ẹni tó fẹ́ dìde lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ fọ àwo ná. Màmá ní àwo ti mọ́. Ó ní òun á kàn lọ wo iná. Màmá ní iná ń jó. Kò rí nǹkan mìíràn sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń fi aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó ń bẹ̀ wá pé ká má bínú. Màmá fa ilẹ̀kùn padé láti ìta. A dúró síbẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó pẹ́ díẹ̀, a sì gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí.

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni nígbà náà. Ní aago mẹ́ta, gbogbo abúlé ti ń gòkè bọ̀ láti wá kí i káàbọ̀, búrẹ́dì oníwàràkàṣì lọ́wọ́ wọn, wáìnì lọ́wọ́ wọn, ariwo lẹ́nu wọn. Màmá Despine jókòó sí bákónì, níwájú fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n gbé ọ̀pá sókè.

"Ẹ dákẹ́! Ọmọ mi ń sùn!"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin dúró sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wo Ushangi tó dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún wo òkè. "Despine, ọmọ rẹ wo? Ushangi rèé."

"Ọmọ mi tó wà nínú ilé rẹ̀," Màmá dá a lóhùn.

Obìnrin yẹn fọwọ́ bo ẹnu, ó sì jókòó sórí koríko. Àwọn tó kù jókòó tẹ̀ lé e, gbogbo àgbàlá kún, wọ́n ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Búrẹ́dì tutù, oòrùn wọ̀, àwọn kan ti lọ da màlúù wọn wálé kí wọ́n tó tún padà wá jókòó. Mzevinar ò jí títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì kan ilẹ̀kùn.